Pupa tí ó ń kọ mọ̀nà: bí wọ́n ṣe ń kun mọ́tò kékeré ní àwọ̀ irin

Bébà pupa dídán kan wà tí wọ́n fi ń wé bọ́nbọ́n. Kì í ṣe irin pupa. Ẹni tí ó bá yí i padà yóò rí i pé inú rẹ̀ dà bí fàdákà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa tí ó mọ́ gaara kùn ní ojú kan. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú ọ̀dà náà kọjá, a kan irin, irin a sì dá a padà. Yóò tún gba inú ọ̀dà náà kọjá kí ó tó dé ojú ẹni tí ó ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìmọ́lẹ̀ kọjá nínú pupa. Ìdí nìyí tí ó fi ń tàn lọ́nà tí ọ̀dà pupa lásán kò lè gbà tàn.

Àwọn tí ń kun mọ́tò kékeré, ọkọ̀ òfúrufú kékeré àti ère ọmọ ogun kéékèèké mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní Jàpáànù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Tamiya, tí ó wà ní ìlú Shizuoka ní Jàpáànù, ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ègé-ègé nínú páálí. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò tò ó pọ̀, òun náà ni yóò sì kùn ún. Bí wọ́n bá kọ 1/24 sí ara páálí mọ́tò kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mọ́tò gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 24. Mọ́tò tí ó gùn ní mítà mẹ́rin ààbọ̀ yóò wá di nǹkan bíi sàǹtímítà 19. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè wà lára ohun kékeré yìí, ọ̀dà rẹ̀ ni ojú sì kọ́kọ́ ń rí.

Olùbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń da ọ̀dà pupa mọ́ ọ̀dà fàdákà nínú ife kan. Ohun tí yóò jáde kì í ṣe pupa tí ń dán. Pupa tí ó ti ṣá ni, bí osùn tí eruku bà lé. Nínú ọ̀dà fàdákà, ègé irin tín-tìn-tín ni ó wà, wọ́n sì rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, àwọn ìpẹ́ náà a máa sùn ti ara wọn, wọn a sì di dígí. Ṣùgbọ́n hóró àwọ̀ tí ó wà nínú ọ̀dà pupa lásán kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nígbà tí ó bá bọ́ sí àárín àwọn ìpẹ́ yìí, yóò bo àwọn kan, yóò sì dí àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti sùn dáadáa. Dígí ti fọ́ nìyẹn. Àwọn kan a máa kán yíǹkì tí ó mọ́ gaara sínú ọ̀dà fàdákà dípò ọ̀dà pupa. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n kò tó ti ẹni tí ó fi fàdákà sí ìsàlẹ̀, tí ó sì fi àwọ̀ sí òkè.

Lára mọ́tò gidi ni irú pupa yìí ti gba òkìkí, ní California ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Joe Bailon, ọ̀gá nínú àwọn tí ń ṣe mọ́tò lọ́ṣọ̀ọ́, ni wọ́n sábà máa ń yìn fún un. Wọ́n fi àwọ̀ náà wé èso ápù tí wọ́n rì bọ inú ṣúgà pupa yíyọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ awọ ní Sípéènì àti ní Netherlands a máa lẹ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ awọ. Wọn a wá fi oje igi aláwọ̀ ìyeyè kùn ún kí ó lè jọ wúrà. Àwọn ọlọ́rọ̀ fi awọ náà bo ògiri ilé wọn, wúrà kankan kò sì sí níbẹ̀.

Ní ti mọ́tò kékeré, ìpìlẹ̀ ni ó le jù. Ọ̀dà fàdákà kì í bo àṣìṣe, ńṣe ni ó ń tú u fó. Ìlà tín-ín-rín tí bébà oníyanrìn fà sí ara ike yóò hàn ketekete. Orípa ìka ọlọ́ràá yóò hàn pẹ̀lú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán ike náà títí yóò fi yọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ a máa kun dúdú dídán sí i, kí fàdákà tí yóò gorí rẹ̀ lè jìn bíi dígí. Ìpẹ́ inú fàdákà náà gbọ́dọ̀ kéré púpọ̀. Lára mọ́tò 1/24, ìpẹ́ tí ojú bá lè rí yóò dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò gidi.

Lẹ́yìn fàdákà ni àwọ̀ mímọ́ gaara yóò tó dé. Nínú àwọn ìgò Tamiya, X-27 ni pupa, X-23 ni àwọ̀ aró, X-25 sì ni àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà bí ìrì ni ó dára jù fún un. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, nítorí pé bí ìpele ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọ̀ ń ṣú sí i. Ẹni tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ dán an wò lára ṣíbí ike: ìpele méjì lára ọ̀kan, mẹ́rin lára èkejì, mẹ́fà lára ẹ̀kẹta. Yóò kọ iye náà sí ẹ̀yìn ṣíbí, yóò sì yan èyí tí ó wù ú. Bí wúrà bá wà ní ìsàlẹ̀ dípò fàdákà, pupa yóò gbóná sí i bí ẹyin iná. Ṣùgbọ́n aró tí ó bá gorí wúrà yóò máa fà sí àwọ̀ ewé.

Ibi tí ẹ̀rù wà nìyí. Bí ọ̀dà lásán bá há, wọ́n lè fi díẹ̀ dí ojú ibẹ̀. Ọ̀dà mímọ́ gaara kò gba àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá tún kùn yóò ní ìpele tí ó pọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò sì ṣú bí àpá. Ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo tí ó bá ṣàn sílẹ̀ lè mú kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì padà sí orí ike. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀sọ̀ ni pé kí wọ́n dúró kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó dé.

Àwọn tí ń kun ère ọmọ ogun ń lo búrọ́ọ̀ṣì. Ara ère kékeré kún fún kọ̀rọ̀ àti etí, nítorí náà kò pọn dandan kí àwọ̀ dọ́gba. Wọn a jẹ́ kí ó pọ̀ sí i nínú kọ̀rọ̀, wọn a sì fi fàdákà díẹ̀ tọ́ etí ìhámọ́ra náà níkẹyìn.

Ọ̀dà ìdáàbòbò tí ó máa ń gbẹ láìdán kò yẹ lórí iṣẹ́ yìí. Ojú rẹ̀ rí gbẹ́regbẹ̀rẹ bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó jọ̀lọ̀. Ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, irin a sì kú. Èyí tí ń dán ni wọ́n ń lò. Àwọn ọ̀dà tí òórùn wọn le tún lè ṣe ìpalára fún ẹ̀dọ̀fóró àti orí. Aṣọ tí ènìyàn so mọ́ imú kò lè dá oró wọn dúró. Ìbòmú tí èédú wà nínú rẹ̀ ni ó lè mú un, fèrèsé sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ mímọ́ gaara kì í fara da oòrùn pẹ́, pàápàá pupa. Nítorí náà, inú àpótí onígíláàsì tí ó jìnnà sí fèrèsé ni mọ́tò náà ń gbé.