Taya àti Aago Ọkọ̀

Awakọ̀ tí ó kó ọsàn láti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn a máa wo aago iwájú rẹ̀ láti mọ bí òun ti ń sáré tó. Ṣùgbọ́n aago náà kò rí ọ̀nà. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ni ó ń kà.

Bí bàbá àti ọmọ bá gbéra ní Fìdítì, tí wọ́n kọjú sí Ìlọrà, tí olúkúlùkù sì gbé ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, bàbá ni yóò wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni taya ńlá àti kékeré rí.

Bí a bá yọ taya tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí a fi ti 66 rọ́pò rẹ̀, nígbà tí aago bá sọ pé kìlómítà 50 ni ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà láàárín ìlú, 55 ni ó ń sá. Nígbà tí aago bá sì ka ìrìn kìlómítà 5,000, ọkọ̀ ti rin 5,500. Àkókò àtipààrọ̀ ọ́ìlì lè ti kọjá. Bí taya bá kéré jù, òdì kejì ni.

Nítorí náà, kí a tó ra taya, ó yẹ kí a wo nọ́ńbà tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹni tí kò mọ bí eré rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dín in kù.