Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gbè Lẹ́yìn Ẹnikẹ́ni Nínú Àkọsílẹ̀ Nípa Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàrin òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé bá yàn lè ti dá ẹjọ́ kí ó tó ro ẹjọ́ tán. Ó yẹ, nígbà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹ jẹ́ kí a fi gáréèjì Ìyànà Ìpájà, ní Alímọ̀ṣọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ń pe èrò sínú ọkọ̀ níbẹ̀ ni à ń pè ní àgbèrò. Orúkọ iṣẹ́ lásán ni èyí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí jàgídíjàgan ni ó ń mú wá sí ọkàn òǹkàwé. Bí ẹni náà bá gba owó, kí a kọ ọ́ pé ó gba owó. Bí ó bá lu ènìyàn, kí a kọ ọ́ pé ó lu ènìyàn. Owó náà pàápàá ní orúkọ méjì: agbowó a máa pè é ní owó tíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ a sì máa pè é ní ìlọ́nilọ́wọ́gbà. Kí òǹkọ̀wé fi orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ẹni tí ó ni ín.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni National Union of Road Transport Workers, tí a dá sílẹ̀ ní 1978. Ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ sì ni Road Transport Employers Association of Nigeria. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní “ẹgbẹ́ onímọ́tò” ti da ọ̀gá pọ̀ mọ́ ọmọ iṣẹ́. Ní oṣù kẹta 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yìí dúró ní àwọn gáréèjì, ó sì fi ìgbìmọ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn awakọ̀ kan, lábẹ́ Joint Drivers' Welfare Association of Nigeria, wá bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ní 31 oṣù kẹwàá ọdún kan náà nítorí owó tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, “ẹgbẹ́ awakọ̀” nìkan kò tó láti fi hàn ẹni tí ó ń ṣe kí ni.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni a kọ lókè yìí, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí ó bá yan ẹnìkejì lódì ti kórìíra rẹ̀ dé ibi tí kò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ tí ó gbé ọkọ̀ sílé kò bínú sí iṣẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń lo ìyanṣẹ́lódì, tí ẹnu sì ti mọ́ ọn lára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ wọn ni a ń gbà sílẹ̀, kí a má yí i padà.

Ó ku àkọtọ́. Ara ọkọ̀ lè gbé “Iyana Ipaja” láìsí àmì, kí èrò má sì ṣìnà, nítorí wọ́n mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n “egbe osise” lè jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ó lè jẹ́ ègbè tí a gbè fún wọn, ó sì lè jẹ́ ègbé wọn. Òǹkọ̀wé tí ó fi àmì sílẹ̀ ti gba òǹkàwé láyè láti yan èyí tí ó bá inú rẹ̀ mu.

Olùkọ́ lè fi ìtàn ọjọ́ méje náà dán àwọn ọmọ wò: kí wọ́n kọ ọ́ láti ẹnu awakọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ láti ẹnu agbowó, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ èyí tí àwọn méjèèjì yóò kà tí wọn kò ní lè jiyàn sí.