Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín pé ọkùnrin gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ló kó ọmọ mi yọ lọ́jọ́ tí gìrì mú un

*Ohun tójú wa rí láàárín ọdún kan tá a fi tọ́ ọmọ méjì*

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní ọmọ títọ́ kì í ṣiṣẹ́, ẹ ní kó wá sun ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ kan péré. Kó tó di aago márùn-ún ìdájí, yóò ti mọ̀ pé ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù sàn ju ẹni tó ń tọ́ ọmọ méjì lọ. Ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Àárín oṣù kẹrin, ọdún 2023, ni ìyàwó mi bí èkejì. Àkọ́bí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin nígbà náà ni. N ò ní í dárúkọ àwọn ọmọ mi sínú ìwé ìròyìn, Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò la ó máa pè wọ́n. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé lápá Ìpájà, l'Ékòó, nínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ wà, tí kò sóhun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kan tí yàrá kejì kì í gbọ́.

Kí èkejì tó dé, èmi gan-an rò pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ. Ṣebí a ti tọ́ ọ̀kan. Irọ́ gbáà ni. Ọmọ kan, ìyá ẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Bàbá á kàn máa ra mílíìkì, á máa gbé e sókè lálẹ́, á ní òun náà ń gbìyànjú. Tí ọmọ bá di méjì, tí ìyá ò sì ní ju ẹ̀yìn kan lọ, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan bàbá.

Màmá ìyàwó mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa wẹ ọmọ. Ká sọ tòótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, àwa ò mọ̀ pé ìyà ń bọ̀. Tí wọ́n bá ti wẹ Àbúrò tán, tí wọ́n fi òrí ra á lára, tí wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oorun wákàtí mẹ́ta ni. Ibi kan ṣoṣo tọ́rọ̀ wa ò ti wọ̀ ni ọ̀rọ̀ omi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ọmú nìkan ni kọ́mọ máa mu títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà. Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ta ló ń jẹun tí kì í mu omi? Ìyàwó tó o fẹ́ yìí, ṣé omi tí mo fún un pa á ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní omi tó máa tó o ti wà nínú ọmú yẹn." Wọ́n gbà o, àmọ́ ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Tíṣà ni ìyàwó mi níléèwé aládàáni kan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá lobìnrin tó fẹ́ bímọ lẹ́tọ̀ọ́ sí láti fi sinmi, mẹ́fà ṣáájú ìbí, mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n sì san ìdajì owó oṣù fún un, ó kéré tán, tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yẹn tún ní tó bá padà dé, kí wọ́n máa fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fọ́mọ lọ́mú. Níléèwé tá à ń wí yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fún un, wọn ò sì san kọ́bọ̀. Èmi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún àwọn ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ náà sì fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá fáwọn tiẹ̀ lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ọ̀gá akọ̀ròyìn lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn fẹ́ẹ́ jáde?

Ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni Ààrẹ Bola Tinubu gorí àlééfà, lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2023, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tó wà ní nǹkan bíi ₦185 di ₦488 l'Ékòó kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Màmá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn nílé ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́, táwọn ò bá sì tètè lọ, owó ọkọ̀ á jẹ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, ìyàwó mi sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní mo fẹ́ẹ́ fọ nápí.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá kan tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ lójúlé kejì la gbé Àbúrò fún, Ẹ̀gbọ́n sì ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyàwó mi á fún ọmú sínú kọ́ọ̀bù láàárọ̀ kó tó jáde. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, omi ọmú á ti rin aṣọ lára ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Ó tọrọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òfin wí lọ́wọ́ ẹni tó ni iléèwé. Wọ́n ní tó bá fẹ́ẹ́ máa fọ́mọ lọ́mú, kó jókòó sílé.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá pé níparí oṣù kẹfà, ìyàwó mi ò rí àyè gbà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ." Mo ní èmi kẹ̀? Ó ní, "Ṣé ọmọ aládùúgbò ni?"

Nígbà tí mo wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ọ̀hún, àwọn obìnrin kún bẹ́ńṣì fọ́fọ́, èmi nìkan lọkùnrin tó gbé ọmọ dání. Ọ̀kan ní, "Bọ̀dá, ìyá ẹ̀ ńkọ́? Àbí ẹ ti lé e jáde?" Òmíràn ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọ́n ti jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀." Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ẹ́ dìde kí n máa lọ. Ọlọ́run ló ní kí n má lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà kọ́kọ́ ṣàlàyé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ẹ́ gún. Ó ní àrùn márùn-ún ni ọ̀kan nínú wọn ń dènà, títí kan gbọ̀fungbọ̀fun tó máa ń dí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, tó sì ń jà lọ́wọ́ nílẹ̀ Hausa lọ́dún náà, pàápàá ní Kano. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gìrì. Ó ní, "Tí gìrì bá mú ọmọ yín, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má yọ iná sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ má ro àgbo sí i lọ́fun. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ tó bá fún un lọ́rùn, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ sì gbé e wá sí ọsibítù." Mo gbọ́ ọ, àmọ́ n ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Nígbà tí mo tún padà lọ fún ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá lóṣù keje, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún sọ. Àwọn obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́, "Dádì, ẹ káàbọ̀" ni wọ́n ń kí mi.

Nílé, Ẹ̀gbọ́n ti sọ ara ẹ̀ di ọmọ ọwọ́. Ọmọ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ẹ́ tọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Tí ìyá ẹ̀ bá pọn Àbúrò, òun náà á ní kí wọ́n pọn òun. Lọ́jọ́ kan, ó ki Àbúrò lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé e jẹ. Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n gbá a, ìyàwó mi ní, "Ẹ má lù ú. Wọ́n gba ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni." Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi pẹ̀lú ẹ̀ nìkan la jọ ń lọ ra àkàrà. Èyí tó bá mú lórí àwo ni tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a pín in. Kò ju oṣù kan àbọ̀ lọ tó fi jáwọ́ nínú gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, ìyàwó mi fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Ó rí òmíràn níléèwé kan nítòsí wa tí owó ẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó gbé Àbúrò dání.

Oṣù kẹwàá lọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ara Ẹ̀gbọ́n gbóná láti ọ̀sán, a fún un ní parasẹtamọ́ọ̀, a ní tílẹ̀ bá mọ́, a ó gbé e lọ sí ọsibítù. Nǹkan bí aago kan òru, mo gbọ́ igbe ìyàwó mi. Ojú ọmọ ti yí sókè, eyín ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti dé. Ẹnì kan mú ṣíbí wá. Ẹnì kan ti tan sítóòfù, ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ súnmọ́ iná. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé wa, tá a máa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́wà, gbé ìgò kan jáde. Bí wọ́n ṣe ṣí i báyìí, òórùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ìtọ̀ màlúù ni, tí wọ́n rẹ ewé tábà, ẹ̀fínrín àti àlùbọ́sà sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má purọ́ fún yín, ọwọ́ mi ti nà láti gba ìgò yẹn. Ẹni tí ọmọ ń kú lọ lójú ẹ̀, kí ni kò ní í gbà? Àfi bí ohùn nọ́ọ̀sì yẹn ṣe sọ sí mi létí: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Mo pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tú bọ́tìnnì ẹ̀, mo tẹjú mọ́ aago. Wọ́n ń bú mi. Ọ̀kan ní mo fẹ́ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó mi dì mọ́ mi lẹ́yìn, ó ń gbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, àmọ́ ó gùn lójú mi ju ọdún mẹ́ta lọ. Nígbà tó yá, ara ẹ̀ dẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún. N ò tí ì gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ayálégbé wa kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé, "Kí lẹ fún un mu?" A ní a ò fún un ní nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ibà ni. Dókítà ṣàlàyé pé ara gbígbóná ló ń fa irú gìrì bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì máa ń lọ fúnra ẹ̀ láì fi àbùkù kankan sílẹ̀. Ó ní àgbo ìtọ̀ màlúù ló ń pa òmíràn nínú wọn: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọmọ á sùn, kò sì ní í jí mọ́. Láti àwọn ọdún 1970 làwọn dókítà n'Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la padà délé. Ìyá Ẹlẹ́wà ò yọjú sí wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, wọ́n ní àwọn gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bàbá ọmọ, èmi náà ní ọmọ kan rí. Gìrì ló mú un. Òun ni mo fún un. Ó sùn. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Akọ̀ròyìn ni mí, ọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun, àmọ́ n ò rí ìdáhùn kankan fún ìyá yẹn. Mo kàn ní, "Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, mà. Ohun tí wọ́n kọ́ yín lẹ ṣe." Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n bá mi sá èyí tó kù.

Nǹkan tún le sí i lẹ́yìn ìyẹn. Lóṣù kejìlá 2023, iléeṣẹ́ tó ni Pampers kéde pé àwọn ò ní í máa ṣe ọjà nílẹ̀ wa mọ́, pé òkè òkun làwọn á ti máa kó o wọlé. Iye tá a fi ń ra mẹ́ta kò ra méjì mọ́, nápí aláṣọ la padà sí pátápátá, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wa ní ìyàwó mi ti fi mí ṣe ìfọṣọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lóṣù kìn-ín-ní 2024, Àbúrò pé oṣù mẹ́sàn-án, ó gba abẹ́rẹ́ éèyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mísùùsù, àti ti ibà pọ́njú. Ìyá Ẹlẹ́wà tẹ̀ lé wa lọ, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ tiwọn náà dání. Àwọn ni wọ́n jókòó sí bẹ́ńṣì iwájú.

Nígbà tí Àbúrò pé ọdún kan, a ò ṣe pátì, owó dà? Ìrẹsì la sè fún ará ilé. Ẹ̀gbọ́n ló bù ú sí àbúrò ẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀yin bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ká ní mo bá ẹ̀rín yẹn lọ lọ́jọ́ náà ni, ìgò yẹn ni mi ò bá gbà.