Ta Ló Ń Ka Ẹyẹ Oko Wa?

Bí ìrẹsì bá ti ń gbó lọ ní Ọ̀fàdà, oorun àgbẹ̀ ti dínkù nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti dé oko pẹ̀lú kànnàkànnà àti agolo tó ń dún gbàágbàá, torí pé bí ọ̀wọ́ ẹ̀gà bá fi lè balẹ̀, làálàá oṣù mélòó kan di oúnjẹ ẹyẹ. Àwọn kan ń ta àwọ̀n bo oko, àwọn mìíràn ń gbé aṣọ́komásùn dúró sáàárín rẹ̀. Láti Mowe, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ọ̀fàdà kò jìnnà. Orúkọ ìlú náà ni ìrẹsì tí à ń jẹ níbi ìnáwó ń jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ẹyẹ oko níbẹ̀ tó àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ lé wọn.

Láti bí ọdún mẹ́wàá wá, irú ènìyàn mìíràn ti ń yọjú sí etí irú oko bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Awò awọ̀nàjíjìn wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lé ẹyẹ kankan. Á dúró, á tẹ́tí sílẹ̀, á tẹ orúkọ kan sínú fóònù, á tún rìn síwájú díẹ̀. Olùwòye ẹyẹ ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba kọ́bọ̀ nídìí iṣẹ́ náà: akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, olùkọ́ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba wà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì náà sì wà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò.

Iṣẹ́ tó so wọ́n pọ̀ ni Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 láti fi hàn lórí máàpù ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis, tó wà lábẹ́ Yunifásítì ìlú Jos, ló wà nídìí ètò náà. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní 2001 lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Amurum ní Laminga, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti gba oyè. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá sókè òkun.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí àpótí onígun mẹ́rin lórí máàpù. Ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án, àpótí tó sì bo orílẹ̀-èdè yìí lé ní 11,000. Ẹni tó bá mú àpótí kan yóò fi wákàtí méjì, ó kéré tán, wá ẹyẹ kiri inú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan: bí odò bá wà níbẹ̀ kó dé etí odò, bí igbó bá wà kó wọ igbó, kó dé oko, kó sì dé ìgboro pẹ̀lú. Ó lè máa fi kún àkọsílẹ̀ náà títí ọjọ́ márùn-ún yóò fi pé. Gbogbo ẹyẹ tó bá rí, tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ni yóò tẹ̀ sínú áàpù BirdLasser, áàpù náà á sì fi ibi tó dúró sí àti aago tó lù sí i. Gúúsù Áfíríkà la ti rí ìlànà yìí kọ́. Wọ́n ti ń lo àpótí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láti 2007.

Ohun kan wà nínú ètò yìí tó yẹ kí a yìn gidigidi: kò yan ibi tó lẹ́wà. Nígbà tí ènìyàn bá ń ronú nípa ẹyẹ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó Ọmọ níhà Ìjẹ̀bú ló máa ń wá síni lọ́kàn, tàbí Olókemejì tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní 1899. Ta ni yóò rántí Òkè-Àró? Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, níbi tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ti pa ẹran lọ bẹẹrẹ ní 2020, tí ọ̀pọ̀ olùsìn fi pàdánù gbogbo owó ọwọ́ wọn. Ilé ti fún mọ́ra níbẹ̀, Èkó kò sì ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àpótí tó bọ́ sórí Òkè-Àró níye lórí bákan náà bí èyí tó bọ́ sórí igbó ọba. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ibẹ̀, òfìfo ni yóò wà lórí máàpù, òfìfo yẹn kò sì ní sọ bóyá ẹyẹ ni kò sí tàbí olùwòye.

Ìdí tí oko fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan tí àwọn olùwòye ń ti òkè òkun wá wò nílẹ̀ Yorùbá. Ibadan Malimbe ni òyìnbó ń pè é. Malimbus ibadanensis ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ìdílé ẹ̀gà ló ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gà tó ń da ìrẹsì láàmú. Kòkòrò ló ń wá kiri lórí igi. Kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

John Elgood, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní University College, Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958 nínú ìwé ìròyìn Ibis. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Ẹ wò ó bí ó ti yani lẹ́nu tó: Ìbàdàn, ìlú tí èrò ti kún dẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyẹ kan ń fò lórí igi rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Elgood kò dúró síbẹ̀. Òun ló ṣáájú àwọn tó kọ The Birds of Nigeria, tó jáde ní 1982, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1994. Àwọn olùwòye ìgbà náà ti ní ìwé ìròyìn tiwọn láti 1964. Nígbà tó di 1979, wọ́n sọ ọ́ di Malimbus, apá àkọ́kọ́ nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹyẹ Ìbàdàn yìí gan-an.

Àwọn ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n rí i kò pọ̀. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, Gàǹbàrí, Ifẹ̀, Olókemejì, àti Ìperu. Ti Ìperu yìí ló yẹ kí ó mú ará Mowe àti Ìbàfọ̀ aládùúgbò rẹ̀ dìde jókòó. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Mowe lọ sí Ìbàdàn, tó kọjá ìyànà Ṣàgámù, kò ní pẹ́ tó fi dé ìtòsí Ìperu. Ilẹ̀ Rẹ́mọ nìyẹn, ilẹ̀ obì àti ẹ̀gẹ́, níbi tí igbó ti di pẹ́ńpẹ́ láàárín oko.

Shiiwua Manu, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nílé-ẹ̀kọ́ Leventis lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá ẹyẹ yìí kiri irú igbó pẹ́ńpẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde ní 2005. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ipa tí gígé igbó sí wẹ́wẹ́ ń ní lórí iye ẹyẹ náà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àjọ IUCN, tó ń ṣọ́ ipò àwọn ẹ̀dá inú ayé, kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àtiparun.

Igbó IITA ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń lọ wò ó báyìí, ìtàn igbó náà sì dùn-ún gbọ́. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn yìí sílẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000 ni wọ́n gbà fún un, oko àti abúlé ló sì wà lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n lo apá kan fún iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n sì fi nǹkan bí hẹ́kítà 350 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Igi padà hù. Ibi tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti wo ẹyẹ ọ̀wọ́n yìí jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ń kọ ebè rí.

Rírí i kò rọrùn o. Orí igi gíga ló ń jẹ̀ sí, ó sì ní ìbátan tó jọ ọ́ púpọ̀. Akọ rẹ̀ pupa lórí, ó pupa lọ́rùn, ó pupa láyà. Ojú rẹ̀ àti ìyókù ara rẹ̀ dúdú. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Red-headed Malimbe pupa látàrí àti lẹ́yìn ọrùn, ṣùgbọ́n pupa náà kò dé àyà. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, tó sì jẹ́ pé ìrù ló kọ sí ọ, ẹ̀rí ọkàn rẹ nìkan ló kù láti sọ èwo lo rí. Olùwòye tó mọ iṣẹ́ kò ní tẹ orúkọ tí kò dá a lójú. Bó bá sì sọ pé òun rí ẹyẹ níbi tí wọn kò ti rí i rí, ó yẹ kó ní àwòrán tàbí ohùn tó gbà sílẹ̀ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ní tèmi, ìṣọ́ra yìí gan-an ló sọ ohun tí à bá pè ní fàájì di iṣẹ́ ìlú.

Irú ìṣọ́ra yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí katakata bá ń túlẹ̀ nígbà òtútù, ẹyẹ òkun funfun máa ń wọ́ tẹ̀lé e láti ṣa ekòló. Àwọn olùwòye á dúró létí oko nínú òtútù, wọn á máa yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyẹ tó jọra wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹyọ kan tó ṣọ̀wọ́n lè wà láàárín wọn. Àwọn ẹyẹ òkun kan níbẹ̀ tilẹ̀ máa ń sá òtútù wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lóko tiwa, lékeléke ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ibi tí màlúù bá gbé ń jẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà, kó lè mú tata tí màlúù bá ta jí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ti na ọwọ́ sí i rí, pé kó fún òun léèékánná funfun. Kò sí ẹni tó kà á sí ẹyẹ ọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ẹyẹ yìí ló kọjá òkun Àtìláńtíìkì fúnra rẹ̀, tó dé gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì ti bo ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Àkọsílẹ̀ àwọn tó kàn ń wo ẹyẹ ni ayé fi mọ ìrìn-àjò náà.

Ẹyẹ tó wọ́pọ̀ lánàá sì lè di ọ̀wọ́n lónìí. Igún ni ẹ̀rí. Àwọn àgbà tó dàgbà sítòsí ọjà àti ibi ìpẹran kò lè gbàgbé bí igún ṣe ń tò sórí òrùlé. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ifọ̀ lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí lè má tíì fojú kàn án rí. Ní 2015, wọ́n gbé irú igún tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa sí ipò tó léwu jù lọ lórí àkọsílẹ̀ IUCN. Májèlé wà lára ohun tó ń pa á, wọ́n sì tún ń ta orí àti ara rẹ̀ lọ́jà fún oògùn. Odídẹrẹ́ náà ń bẹ: Ìwó ṣì ń jẹ́ ìlú odídẹrẹ́ nínú oríkì, ṣùgbọ́n òwò ẹyẹ náà pọ̀ débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fòfin de rírà àti títa rẹ̀ láti inú igbó kọjá ààlà. Ká ní a ti ń ka igún ìgboro wa lọ́dọọdún láti 1970 ni, à bá ti kíyè sí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò yẹ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ọmọ yunifásítì nìkan. Ọdẹ tó bá gbọ́ ohùn ẹlulùú láti inú igbó kò nílò awò kó tó mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí àparò ń yé, ó mọ igi tí àgbìgbò ń jẹ èso rẹ̀. Áàpù kò lè rí ìmọ̀ yẹn gbà bí ẹni tó ní i lọ́wọ́ kò bá bá olùwòye rìn. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á mú ọdẹ kan dání, wọn á sì sanwó ọjọ́ rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà ńbẹ̀. Àjèjì tó gbé awò dání nínú oko olóko lè dà bí amí tàbí ajínigbé lójú àwọn ará abúlé, pàápàá lásìkò tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó gbé wọn wá, kí wọ́n sì kí ẹni tí wọ́n bá lóko pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá" kí wọ́n tó gbé awò sójú.

Láàárín gbogbo èyí, ilẹ̀ kò dúró deni. Ẹni tó mọ Mowe àti Ìbàfọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn mọ̀ pé ibi tí ilé, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ilé epo wà lónìí, oko ẹ̀gẹ́ àti àbàtà ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ní kí ènìyàn má kọ́lé. Ohun tó ń dun àwọn olùwòye ni pé oko ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, torí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá tilẹ̀ fẹ́ dá etí odò kan tàbí igbó orò kan sí, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí yóò fi mọ èyí tó yẹ.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí. Òjò ti dáwọ́ dúró, lékeléke ti padà láti òkè ọya, àwọn ẹyẹ tó ń sá òtútù Yúróòpù náà ti dé. Ọ̀kan nínú wọn kéré, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, á máa mi ìrù lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́, a ò sì ní bìkítà. Ẹni tó bá fẹ́ mú àpótí tó bo Òkè-Àró tàbí ti Ọ̀fàdà lè wá ẹgbẹ́ olùwòye ẹyẹ tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ kàn, kó gba áàpù náà sórí fóònù, kó sì bá ẹni tó ti mọ iṣẹ́ rìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dá lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án ni ẹyẹ máa ń sọ̀rọ̀ jù.