Bí gáàsì ṣe wọ inú jẹnẹrétọ̀ wa, tí bẹntiróòlù kò sì kúrò nílé

Tí NEPA bá mú iná lọ lálẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba àdúgbò Lágeréè kan Mayfair. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́njú. Ohun tó yàtọ̀ ní ọdún díẹ̀ sí àkókò yìí ni sílíńdà gáàsì, irú èyí tí a fi ń dáná, tó jókòó níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé táńkì bẹntiróòlù ṣì wà lórí jẹnẹrétọ̀ náà, epo sì wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, táńkì tí wọn kò yọ kúrò yìí gan-an ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gba gáàsì láyè.

Ìlú tí kò lè ṣe kó má tan jẹnẹrétọ̀ ni Ifẹ̀. Láti 1967 tí yunifásítì ti kó láti Ìbàdàn wá síbí, owó akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ró: àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, àwọn tó ń gẹ irun, àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ní kí oníbàárà dúró dìgbà tí iná bá dé. Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, ní 2013 ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni, ilé iṣẹ́ IBEDC sì ló ń pín iná fún wa báyìí. NEPA náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é, ìyà iná kò sì tíì tán.

Gáàsì kì í ṣe ohun àjèjì. Láti 2007 ni ilé iṣẹ́ NLNG ti ń fi gáàsì ìdáná ránṣẹ́ sí ọjà ilẹ̀ wa, ní 2022 wọ́n sì sọ pé gbogbo èyí tí àwọn bá ń ṣe, Nàìjíríà ni àwọn yóò máa tà á fún. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò kan pé kí a máa fi gáàsì wa ọkọ̀, kí a sì máa fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ìwọ̀nba èèyàn ló yà sí i. Ìṣirò ló fà á. Agbára tó wà nínú kílò gáàsì kan tó ti inú nǹkan bí lítà 1.4 bẹntiróòlù. Nígbà tí lítà epo ṣì wà ní nǹkan bí ₦190, owó lítà 1.4 kò ju ₦266 lọ, gáàsì sì ti wà ní nǹkan bí ₦800 kílò kan. Ta ni yóò wá fi gáàsì tan iná?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra tán, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà ti di ₦488 ní Èkó, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti di ₦617 ní Àbújá. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: owó lítà 1.4 ti kọjá ₦800, gáàsì kò sì tíì kúrò lójú kan. Ìgbà yẹn ni àwọn onítúnṣe jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu oníbàárà lóríṣiríṣi.

Àmọ́ owó nìkan kò tó láti mú èèyàn fi ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọ dán ohun tí kò mọ̀ wò. Wọ́n ń bẹ̀rù pé gáàsì á bú. Wọ́n ń ronú pé tó bá tán lóru, ibo ni wọn yóò ti rà á? Ohun tó fọkàn wọn balẹ̀ ni pé kábúrétọ̀ tí àwọn oníṣòwò kó wọlé kò lé bẹntiróòlù jáde. Epo méjèèjì ló ń gbà, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sì máa yàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Onítúnṣe á yọ ilé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, á tú nọ́ọ̀tì méjì, á fa kábúrétọ̀ àtijọ́ jáde, á ki tuntun bọ̀ ọ́. Tuntun náà jọ ti àtijọ́: abọ́ kékeré tí bẹntiróòlù ń dúró sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní imú kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí rọ́bà gáàsì ń wọ̀. Láàárín imú yìí àti sílíńdà ni régúlétọ̀ kan wà, kì í sì í ṣe irú èyí tí a fi ń dáná. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ó ń fa atẹ́gùn, fífà yẹn ló ń ṣí ọ̀nà kí gáàsì tó lè kọjá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, fífà dópin, awọ náà á padé, gáàsì á dúró. Gbogbo ààbò iṣẹ́ náà, ara awọ yìí ló wà.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í pa ẹ́ńjìnnì kó tó pààrọ̀ epo. Yóò ti táàpù bẹntiróòlù, yóò sì dúró. Ẹ́ńjìnnì á máa lo èyí tó kù nínú abọ́, títí ohùn rẹ̀ á fi máa lọ sókè, tí á máa lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò ṣí gáàsì. Tó bá kánjú, tó ṣí i nígbà tí bẹntiróòlù ṣì wà nílẹ̀, epo á pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, èéfín dúdú á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Tó bá fẹ́ padà sórí bẹntiróòlù, yóò ti gáàsì, yóò ṣí táàpù, yóò dúró díẹ̀ kí abọ́ kún.

Gáàsì kì í gbé ẹrù tó bẹntiróòlù. Agbára ẹ̀rọ ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ sì fọwọ́ kan sílíńdà kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́: ó tutù nini, ìrì ti bò ó, nígbà mìíràn yìnyín fẹ́lẹ́ ni. Olómi ni gáàsì inú rẹ̀, ooru ara sílíńdà ló sì ń gbà kó tó di afẹ́fẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà á ju bí ooru ṣe ń wọlé, gáàsì á rọlẹ̀, iná á máa ṣe bàìbàì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé sílíńdà sún mọ́ sàlẹ́ńsà kó lè gbóná. Ẹ lo èyí tó tóbi, bíi ti kílò 12.5, tàbí kí ẹ padà sórí bẹntiróòlù fúngbà díẹ̀.

Ìṣirò owó náà kò sì dúró sójú kan. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, lítà bẹntiróòlù ti kọjá ₦1,000, ṣùgbọ́n gáàsì náà ti lé ní ₦1,300 kílò kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo PENGASSAN daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìfọpo Dangote, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, gáàsì ti wọ́n bí ojú, ní àwọn ibìkan kílò kan kọjá ₦2,000. Ẹni tó ti fi kábúrétọ̀ gáàsì nìkan sí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò yà sí. Ẹni tó ní méjèèjì yí táàpù padà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Katakata Fordson tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní ọ̀rúndún tó kọjá, bẹntiróòlù díẹ̀ ni wọ́n fi ń jí i. Tó bá gbóná tán, wọ́n á yí i sórí kẹrosíìnì tó dínwó. Ẹ́ńjìnnì F100 tó wà nínú bàálù ogun F-16 àkọ́kọ́ ní ẹ̀rọ ìdarí epo kejì tí awakọ̀ lè yí sí bí èkíní bá kọṣẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló gbé bàálù náà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn wọ̀nyẹn ló ṣe é mọ́ wọn látìbẹ̀rẹ̀. Tiwa, etí títì ni wọ́n ti ń fi kún un, ọwọ́ onítúnṣe ni ẹ̀mí wa wà.

Àwọn ọkọ̀ pẹ̀lú ti ń tọ ọ̀nà yìí, láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀. Bẹntiróòlù ni ọkọ̀ fi ń ṣíná; tí omi ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ á yí i sórí gáàsì fúnra rẹ̀, tí gáàsì bá sì tán, á dá a padà sórí bẹntiróòlù. Iná kékeré orí bọ́tìnì nìkan ni awakọ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n ìfúnpá inú sílíńdà CNG tó 200 bar, nígbà tí ti gáàsì ìdáná kì í sábà kọjá 10. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú ní ilé epo ní ìlú Benin, ó ṣe àwọn èèyàn léṣe. Àwọn aláṣẹ ní wọ́n ti fi iná jó sílíńdà náà pọ̀, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG rárá.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nídìí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan, kí owó má baà pọ̀, á fa rọ́bà láti ara régúlétọ̀ ìdáná lọ tààrà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, kò sí awọ tí yóò padé, gáàsì á máa tú lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wá: inú gọ́tà, abẹ́ ibùsùn, ìdí ilẹ̀kùn. Bákan náà ni àwọn tó ń rò pé èéfín gáàsì mọ́, tí wọ́n wá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn sójú oorun, ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì onígáàsì náà. Ìta ni àyè rẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bá yín ṣe é tán, ẹ ní kí onítúnṣe pa ẹ́ńjìnnì, kó fi orí sílíńdà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ yọ rọ́bà lára imú kábúrétọ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ sí ẹnu rọ́bà náà, kí ẹ tún fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀ títí dé sílíńdà. Tó bá hó níbikíbi, iṣẹ́ náà kò tíì parí, ẹ má sanwó.