Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ fẹ́ fi orin Orlando Owoh sínú fíìmù yín?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ya fíìmù ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Ìfọ́n ní Ọ̀sẹ́ ni bàbá olórin Orlando Owoh, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Orin rẹ̀ dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n pé a ra àwo rẹ̀ kò sọ orin náà di tiwa.

Ìyọ̀ǹda méjì lẹ máa gbà. Ọ̀kan jẹ́ ti orin fúnra rẹ̀. Ọdún 2008 ni Orlando kú; òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (Copyright Act) ti Nàìjíríà ọdún 2022 sì dáàbò bo iṣẹ́ olórin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó di ìparí 2078! Ìkejì jẹ́ ti ohùn tí wọ́n gbà sínú àwo: ẹ wo ẹ̀yìn páálí àwo, ẹ ó rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin.

Ẹni tó sọ pé lílo orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò mú wàhálà wá, irọ́ ló pa. Kódà bí rédíò bá ń kọrin lẹ́yìn ìyá tó ń din dòdò, orin ti wọ fíìmù nìyẹn, YouTube sì lè dá a mọ̀.

Bí owó ò bá tó, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ pe onígìtá àti onílù àdúgbò, kí wọ́n ṣe orin tuntun fún yín. Ẹ sanwó fún wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ fíìmù, ibi tẹ́ ẹ ti máa fi hàn, iye ọdún. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.