Ọmọ Oníbúrẹ́dì Nottingham

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Èjìgbò níbí ni ọmọ oníbúrẹ́dì ti ń gbé igbá lérí, tó ń kígbe kiri láàárín àwọn táńkà epo tó tò sójú títì. Bó bá tún wá ṣe pé ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta, iṣẹ́ ọmọ yẹn ti pé nìyẹn: búrẹ́dì láàárọ̀, ata lọ́sàn-án. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni George Green, àfi pé Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀. Ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní UNILAG yóò ti bá Green's theorem, òfin ìṣirò kan, jìjàkadì nínú ìdánwò. Bóyá ni wọ́n sọ fún un pé ọmọ oníbúrẹ́dì ló ni ín.

Abúlé Saxondale ni bàbá rẹ̀ ti wá, George lorúkọ òun náà, ọmọ àgbẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ọmọ ló ní ìpín nínú oko bàbá. Lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà, àgbà ọkùnrin ló sábà máa ń jogún ilẹ̀, kí àbúrò lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Àbúrò ni bàbá yìí. Ó wọ ìlú, ó kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó fẹ́ Sarah Butler, ó sì dá ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn lọ́jọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1793. Ann ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Wọn kì í ṣe tálákà o. Àmọ́ nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó lọ́dún 1800, ńṣe ni èrò ya bo àwọn oníbúrẹ́dì Nottingham. Àwa ní tiwa, bí búrẹ́dì bá gbówó lórí, a ó kùn títí, a ó sì ra kékeré.

Lọ́dún 1801 ni wọ́n mú ọmọ náà lọ sílé-ìwé Robert Goodacre. Táàmù mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, ó mọ ìṣirò, bàbá bá ní ó tó, ó yá, ìdí ààrò. Lọ́dún 1807, bàbá kọ́ ẹ̀rọ ìlọkà gogoro kan sí Sneinton, lẹ́yìn ìlú.

Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ ata mọ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí: ohun kan ń yí, ohun kan ń lọ̀, ariwo gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ń yí tiwọn. Apá gbọọrọ mẹ́rin wà lókè ilé bíríkì náà. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ wọn, òkúta ńlá inú ilé yóò máa lọ àlìkámà di fúláwà. Bí atẹ́gùn bá dá, bí ìgbà tí wọ́n mú iná ni, kò sì sí jẹnẹrétọ̀. Bó bá fẹ́ lóru, kò sóorun. Tomlin, ọkọ Ann, jẹ́rìí nígbà tó yá pé iṣẹ́ náà sú Green. Ó ṣe é síbẹ̀.

Ta ló wá kọ́ ọ ní ìṣirò tó jinlẹ̀? John Toplis, ọ̀gá ilé-ìwé kan nílùú náà tó túmọ̀ ìwé onímọ̀ ìṣirò Laplace láti èdè Faransé, ni àwọn òpìtàn ń fura sí. Lọ́dún 1823 Green di ọmọ ẹgbẹ́ ilé ìkàwé Bromley House. Owó ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, owó búrẹ́dì sì wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi táàmù mẹ́rin yìí sọ pé ilé-ìwé kò wúlò, kò gbọ́ ìtàn náà délẹ̀. Lọ́dún 1828 ló fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé lórí iná mànàmáná àti òòfà. Nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn ló rà á. Ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tó wọ Cambridge lọ́dún 1833.

Ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ ṣì dúró ní Sneinton. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń lọ fúláwà níbẹ̀.